Òwú Pupa Létí Kíjìpá

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Kíjìpá tí ẹ hun fún mi nígbà tí mò ń lọ sí yunifásítì wà nínú àpótí onígíláàsì ní Savalou báyìí. Olè ò jí i bí mo ṣe sọ fún yín.

Ó ń tì mí lójú ni. Àwọn méjì tá a jọ wà ní iyàrá ní aṣọ ìbora tó rí múlọ́múlọ́. Tèmi wúwo, òórùn aró ò sì kúrò lára rẹ̀. A sọ ọ́ di ohun tá à ń lọ aṣọ lé lórí, títí irin fi jó igun rẹ̀ kan. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́, mo fi í sílẹ̀ nínú iyàrá. Ṣé ẹ tiẹ̀ gba irọ́ mi gbọ́, àbí ẹ kàn fi mí sílẹ̀?

Àwa mẹ́ta tá a jọ gbé iyàrá yẹn la ṣètò àfihàn iṣẹ́ ọnà àti ìtàn agbègbè wa ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Savalou. Mo gun alùpùpù dé Lougba àti Tchetti, mò ń tọrọ ìkòkò àti ìrànwú lọ́wọ́ àwọn àgbà. Pauline, ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ ọmọ Savalou, ló tú àpò rẹ̀ tí aṣọ yín yọ. Ó ti tọ́jú rẹ̀ látìgbà náà, kò sì rántí ẹni tó ni ín mọ́. Mo rí òwú pupa kan ṣoṣo tí ẹ máa ń fi sí etí lọ́wọ́ òsì. Ó bi mí bóyá mo mọ ẹni tó hun ún. Mo ní mi ò mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà la kọ ọ́ sórí bébà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pé a ò mọ ẹni tó hun ún, ní Faransé àti ní Yorùbá. Èmi ni mo kọ ti Yorùbá. Nǹkan kan ò ṣe mí. Mo kàn ń rántí bí ẹ ṣe máa ń ka òwú lábẹ́ ètè, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kí yín títí ẹ ó fi kà á tán.

Lọ́jọ́ tá a ṣí i, Àlájà tó ń ta òwú fún yín ní ọjà Bantè wá. Wọ́n dúró pẹ́ níwájú aṣọ náà. Wọn ò mọ̀wé, wọ́n ní kí n ka orúkọ ẹni tó hun ún fún àwọn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tíì pé ogún. Mo tẹjú mọ́ bébà náà, mo ka orúkọ yín. Kò sí níbẹ̀.

Mo pe Pauline, mo jẹ́wọ́. Ó ṣí àpótí náà, mo sì fi kálámù bíìkì kọ orúkọ yín sórí bébà náà. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú pé ọmọ yín ló fi irin jó igun aṣọ náà.

Lọ́jọ́ tí ẹ gbé kíjìpá náà fún mi, mi ò kí yín. Ṣé ẹ ti ka òwú yín tán? Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín.