Ọ̀rá Ara Ẹ̀rọ Ṣáájì

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Ìbà

Ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìjọba ní ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ tó ń ṣáájì kẹ̀kẹ́ oníná kalẹ̀, àwọn máa dá ìdajì owó ẹ̀ padà fún un. Torí ẹ̀ la ṣe ta fíríìsà tí ìyàwó mi fi ń ta omi tútù, ká lè ra ọ̀kan.

Ọ̀gá tí wọ́n rán wá yẹ̀ ẹ́ wò lónìí rí ọ̀rá tó bá a wá látinú páálí. Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí ò ṣiṣẹ́ rí. Ẹ yá a lọ́jà Àlàbá ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ojoojúmọ́ la fi ń ṣáájì. Kó má baà họ ni mi ò ṣe bọ́ ọ̀rá ẹ̀."

Ó ní kí n tàn án. Iná ò sì sí. Ó fagi lé orúkọ mi, ó lọ.

Ta ni kì í fi ọ̀rá sílẹ̀ lára nǹkan tuntun? Rimóòtù tẹlifíṣọ̀n wa ńkọ́?

Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ó kàn jókòó síbi tí fíríìsà wà tẹ́lẹ̀.

Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ̀rọ náà ti tàn lábẹ́ ọ̀rá. Mo fẹ́ já ọ̀rá yẹn dànù, mo bá tún fi í sílẹ̀. Tá a bá máa rẹ́ni rà á, àfi kó rí bíi tuntun.