Abíọ́nà Àrówólò Tó Gba Àga Sílẹ̀ De Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ọmọ bíbí Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí Olóògbé Kwabena Abíọ́nà Àrówólò, ṣùgbọ́n àárín mọ́tò ní gáréèjì Tudu, nílùú Accra, ni wọ́n bí òun sí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 1958. Olóògbé Jóṣúà Àrówólò, oníṣòwò aṣọ, ni bàbá rẹ̀. Olóògbé Dẹ́bọ́rà Àṣàbí ni ìyá rẹ̀. Kumasi ni ìyá ń lọ kó ọjà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kó má lọ, ó lóun á lọ, ọmọ inú ló wá bá wọn parí àríyànjiyàn náà. Nítorí pé ojú ọ̀nà ni wọ́n bí i sí, ó di Abíọ́nà. Nítorí pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, àwọn awakọ̀ tó fi aṣọ ṣe ìdábòòbò fún ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ní Kwabena.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí ẹbí tọrọ àforíjì. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ìwé yìí, ẹ ó rí i pé a kò pe olóògbé ní "wọ́n". Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó kú pé kí oníròyìn kankan má ṣe kọ ìtàn ìgbésí ayé òun, nítorí òun mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ó ní Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, ni kó máa sọ ọ́, kí Tamílọ́rẹ, àkọ́bí òun, máa kọ ọ́. Àwẹ̀ró sì ní òun tí òun pọn ọmọ yìí, tí òun nu imú rẹ̀, òun kò ní tìtorí pé ó wọ pósí kí òun máa pè é ní "wọ́n". A bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ẹ má bínú sí wa.

Ní 1964, olóògbé bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Adabraka. Ní ìparí ọdún 1969, ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú jáde ní Gáná láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ni ọmọ ọdún mọ́kànlá tí wọ́n bí sí Tudu bá di àjèjì. Ẹbí di ẹrù, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Accra, Alata, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, ni àwọn ọmọdé ń pè é. Nígbà tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní ọmọ Gáná ni, wọ́n ń sín ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ. Ó máa ń sọ pé ibi tí wọ́n bá ti ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ ni ilé rẹ̀ wà, nítorí náà ilé méjì ni òun ní. Bàbá kú ní 1971, ìyá tẹ̀lé e ní 1974. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Àwẹ̀ró, tó jẹ́ ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nígbà náà, fa ọwọ́ àbúrò rẹ̀ padà wá sí Accra, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí Tudu, ó ń ta mílíìkì, ṣúgà àti sàdíìnì. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ló fi rán an lọ sí ilé ìwé girama àti ilé ìwé àwọn oníròyìn, tó parí ní 1982.

Òfin kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà títí di òní: ẹni tí kò bá kí Àwẹ̀ró, kò ní tà fún un. Ì báà jẹ́ ọlọ́pàá, ì báà jẹ́ pásítọ̀, yóò padà síta, yóò tún wọlé, yóò kí i dáadáa. Ẹni tó bá sì kí i, yóò dá a lóhùn, yóò béèrè ilé, yóò béèrè ọmọ. Ó ní ilé tí ìkíni kò bá sí, ẹran ọ̀sìn ló ń gbé ibẹ̀.

Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni olóògbé kọ́kọ́ ṣe, ibẹ̀ ló sì ti ṣe àṣìṣe tó tún ayé rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin náà mọ pósítà òkú tiwa níbí: àwòrán òkú níhìn-ín, àwòrán olórí ọlọ́fọ̀ lọ́hùn-ún, tí ti ọlọ́fọ̀ á tún máa tàn ju ti òkú lọ. Ní 1986, Abíọ́nà ka ọ̀kan nínú wọn ní ìkánjú, ó sì pa olórí ọlọ́fọ̀ sínú ìwé ìròyìn. Lọ́jọ́ Ajé, baba náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọ́fíìsì. Ọ̀gá Abíọ́nà gbé àga fún baba, ó ní kí Abíọ́nà dúró, kó máa kọ gbogbo ohun tí baba bá sọ, ojú ibi tí wọ́n ti pa baba sí náà ni wọ́n sì máa tẹ̀ ẹ́ sí. Baba sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ó ní òun kò kú o, ṣùgbọ́n inú òun dùn pé òun ti mọ àwọn tí kò wá kí ìyàwó òun. Láti ọjọ́ náà ni olóògbé ti gbà pé ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbangba gbọ́dọ̀ fèsì ní gbangba.

Ní 1988, ó fẹ́ Ìbídùn, aránṣọ ní Lapaz, obìnrin onísùúrù. Ó sì nílò sùúrù náà gan-an. Ọlọ́run fi Tamílọ́rẹ àti Bùkọ́lá ta wọ́n lọ́rẹ. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni olóògbé, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ohùn rẹ̀ kò dára. Ilé Ọlọ́run nìyí, a kò ní purọ́ níbẹ̀. Olùdarí akọrin fi í sí ìlà ẹ̀yìn, ó ní kó máa la ẹnu.

Iṣẹ́ ìlú tí gbogbo ènìyàn fi mọ̀ ọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2009, nígbà tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Faruk, oníròyìn orí rédíò, kó àwọn oníròyìn jọ láti máa ṣe eré olórin lọ́dọọdún, ní oṣù kọkànlá. Wọ́n sọ eré náà ní "Kò Sí Nínú Ìròyìn". Gbogbo ohun tí wọn kò lè kọ sínú ìwé ìròyìn, wọ́n á fi kọrin: mínísítà, ọ̀gá báńkì, wòlíì, àwọn ọ̀gá tiwọn gan-an. Owó tí wọ́n bá rí ń lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ aláìsàn. Ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ ló jẹ́ pé ẹ̀rín àwọn ará Accra ló rà á. Olóògbé ló fi òfin lélẹ̀ níbẹ̀: ẹni tí a bá fi kọrin, àga kan ní ìlà iwájú jẹ́ tirẹ̀, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sí káàdì, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Tí eré bá parí, ẹni náà á gun orí ìtàgé, á bú àwọn oníròyìn fún iye ìṣẹ́jú tí orin rẹ̀ gbà. Àwọn kan wà tí èébú wọn dùn ju orin lọ.

Ní 2018, olóògbé pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó wá kí Àwẹ̀ró lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó jẹ wáákyé, ìrẹsì àti ẹ̀wà, ó mu omi, ó sì jí gèlè ìyá wọn gbé lọ, èyí kan ṣoṣo tó kù. Kò pẹ́ sí i, ó yọ sórí ìtàgé pẹ̀lú irùngbọ̀n àti gèlè, ó ń kọrin bíi Màmá Tudu, ìyá oníṣọ́ọ̀bù tí mínísítà wá ra mílíìkì lọ́wọ́ rẹ̀. Mínísítà kò kí i. Ó ní kó padà síta, kó tún wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mínísítà jáde, tó tún wọlé, títí tó fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Àwẹ̀ró kò sí níbẹ̀. Ó ti gba káàdì ìpè, ó rò pé ti ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó fi wé iyọ̀ fún oníbàárà.

Ẹnu àwọn méètì trotro, àwọn ọmọ ọkọ̀ akérò, ló ti gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, "Màmá, mo ti padà síta, mo ti tún wọlé o!" Àwọn èèyàn ń ti Cow Lane wá ra ṣúgà kí ó kàn lè lé wọn síta. Ọjà tà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú Àwẹ̀ró bàjẹ́ gidigidi. Àbúrò tí òun fi mílíìkì tọ́, tí mílíìkì kì í bá lára mu gan-an, òun ló wá wé gèlè ìyá àwọn láti fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó sì dùn ún jù ni pé kò sí irọ́ kankan nínú orin náà.

Láti ọjọ́ náà, kò dá a lóhùn mọ́. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, Abíọ́nà ń wá sí ṣọ́ọ̀bù, á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Àwẹ̀ró á gbé agolo mílíìkì kan fún un, nítorí pé ó kí òun, òfin ni òfin, á sì kọjú sí ògiri. Lọ́dọọdún, ó tún gba àga sílẹ̀ dè é. Àwọn oníròyìn ní ẹnì kan kì í ní àga lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ẹni yìí kò tíì fèsì. Àga náà wà lófìfo ní gbogbo ìgbà. Àwẹ̀ró sì ń to èébú rẹ̀ jọ nílé, ó mọ̀ ọ́n sórí bí Orin Dáfídì. Lọ́dún yìí, ó ti pinnu pé òun á lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹjọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni Abíọ́nà kí i kó tó lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, àìsàn ọkàn gbé e lọ ní wàràǹṣeṣà.

Nígbà tí Ìbídùn gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mílíìkì ló kún ibẹ̀, agolo lórí agolo, kò sí ẹyọ kan tó ṣí. Tíì tí ẹ mu níbi ìpàdé ọ̀sẹ̀ kan tí a ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀, mílíìkì náà ni. Ẹ má bẹ̀rù, a kó àwọn tí ọjọ́ wọn ti kọjá dànù. Faruk náà dá gèlè padà, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, pẹ̀lú káàdì mẹ́fà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àga náà, "Àwẹ̀ró" lára gbogbo wọn. Ti ọdún 2020 ni kò sí, nítorí kòrónà.

Àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀, Ìbídùn. Àwọn ọmọ rẹ̀, Tamílọ́rẹ àti Bùkọ́lá. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, Afeefah, Kòfí àti Àdùnọlá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àwẹ̀ró. Àti gbogbo olóṣèlú Accra tó lè sùn dáadáa báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àga kan wà ní ìlà iwájú tí káàdì wà lára rẹ̀. Ẹ má jókòó síbẹ̀. Obìnrin tó we gèlè àtijọ́ ló ni ín.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni orin Màmá Tudu gbà, Tamílọ́rẹ sì ní ìwé yìí ni bàbá òun fi ṣe orí ìtàgé fún èmi Àwẹ̀ró. Ó ti gbé bírò, ó ní kí n bú u. Mo wá gbogbo èébú tí mo ti tò jọ láti ọdún méje, n kò rí ìkankan mọ́. Abíọ́nà, o pa òfin ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Èmi ni mo rú u. O wọlé, o kí mi, n kò dá ọ lóhùn. Padà síta, àbúrò mi. Tún wọlé wá. Kí mi lẹ́ẹ̀kan sí i, màá dá ọ lóhùn, màá béèrè ilé, màá béèrè ọmọ. Bí ọ̀nà bá sì ti jìn jù fún ọ láti padà, ọmọ ojú ọ̀nà, sùn síbẹ̀, kí ilẹ̀ ibẹ̀ tù ọ́ lára, kí ẹnikẹ́ni tí o bá kí níbẹ̀ dá ọ lóhùn.