Bísímílà Lórí Ẹ̀wù Mọ́kànlá

Èmi Nusaybah, tí mo ń tẹ ìwé fún ènìyàn ní àdúgbò Challenge n'Ílọrin, ni mo kọ lẹ́tà yìí. Bàbá Àríyọ̀ ló ń sọ ọ́, èmi ń kọ ọ́. Wọn kò lọ iléèwé, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ náà wúwo ju ohun tí wọ́n lè sọ lórí fóònù lọ. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ bu iyọ̀ sí i, n kò sì gbọdọ̀ yọ ìtìjú wọn kúrò nínú rẹ̀.

                                        Ilé Àríyọ̀,
                                        Ṣàngó, Ìlọrin.
                                        12 Oṣù Karùn-ún, 2025.

Olújìmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyá Moṣọpẹ́ ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti gbà kí wọ́n máa gun àtẹ̀gùn ilé ọmọ yín l'Ákùúrẹ́? Moṣọpẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́, àti àwọn ọmọ rẹ̀? Láti ìgbà tí ẹ ti kó kúrò ní àdúgbò Basin níbí ní oṣù Kìíní, ọ̀nà ilé yín kò wù mí gbà mọ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Àgbàdo mi lábúlé ti yọ, ewúrẹ́ mẹ́ta ti bímọ. Ara mi le. Ohun tó ń ṣe mí kò sí lára.

O ti rí i lórí fóònù tìrẹ pé èmi ni mo gbẹ́yìn nínú líìgì bọ́ọ̀lù orí fóònù wa. O ti rẹ́rìn-ín, mo mọ̀. Nígbà tí o wà níbí, tí oníkálukú wa ń yan agbábọ́ọ̀lù ìlú òyìnbó mọ́kànlá sórí fóònù rẹ̀, pẹ̀lú àwọn tí yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí góòlù tí wọ́n bá gbá ní Sátidé ń di máàkì fún wa, ipò kejì ni mo wà. Ìwọ lò ń ka orúkọ fún mi, tí o sì ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Èmi ń wo ìrìn ẹsẹ̀ wọn nínú tẹlifíṣọ̀n bí ẹni ń wo àgbò lọ́jà, mo sì ń mú èyí tó dára. Lẹ́yìn ìyàwó mi, ìwọ nìkan lo mọ̀ pé n kò lè kàwé. Ní ṣọ́ọ̀bù Gàní tó ń lẹ táyà, mo máa ń fi gíláàsì sójú, mo máa ń mi ẹnu, gbogbo wọn sì gbà pé mo ń kà á. Nígbà tí o ń lọ, o ní kí n jẹ́ kí Jímọ́ọ̀, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, máa kà á fún mi. Mo kọ̀. Mo ní mo mọ àwọ̀ ẹ̀wù wọn.

Ní oṣù Kẹrin, lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Àwẹ̀, Jímọ́ọ̀ gba fóònù mi lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó bá mi fi dátà sí i. Lọ́jọ́ kejì, agbábọ́ọ̀lù tí mo sọ ní Àgbò, ẹni tí mo gbójú lé jù, gbá góòlù mẹ́ta wọlé. Mo ti ń jó. Gàní bá wo fóònù mi, ó ní, "Bàbá Àríyọ̀, orí bẹ́ǹṣì lẹ fi Àgbò sí o! Ẹran tó yẹ kó lọ ọjà lẹ so mọ́lẹ̀ sílé!" Ẹni tó bá wà lórí bẹ́ǹṣì, o mọ̀ pé máàkì rẹ̀ kò kàn ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ojú tì mí, inú sì bí mi. Mo dojú kọ Jímọ́ọ̀ láàrin gbogbo wọn, mo ní òun ló wọ ọgbà mi tó tú àgbò mi. Ó kọ́kọ́ rò pé eré ni. Ó ní, "Àríyọ̀, àgbò rẹ yìí kò tilẹ̀ níwo, kí ni n ó fi ṣe?" Mo ní kó fi Kùránì búra. Olújìmí, a kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni láti kékeré. Jímọ́ọ̀ dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní, "Èmi tí a jọ ru ẹ̀bù iṣu lọ oko bàbá rẹ?" Ó bá lọ. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé, kò padà wá. Ó ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú líìgì. Tó bá rí mi ní mọ́ṣáláṣí, ìlà ẹ̀yìn ló ń lọ dúró.

Lẹ́yìn tó lọ, Àgbò tún bá ara rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ ta ni, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan fóònù mi? Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbé e wá bá Nusaybah, mo ní kó wò mí bí mo ṣe ń ṣe é. O mọ̀ pé bàbá mi kì í gbin ẹ̀bù kan láì kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kó wí pé Bísímílà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe fún àwọn ọmọ mi orí fóònù láràárọ̀ Sátidé. Mo ń tẹ ẹ̀wù wọn lójú fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wí pé Bísímílà. Ẹ̀wù mọ́kànlá náà nìkan kọ́, mo ń ṣe é fún àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú, kí àdúà náà lè kárí. Ìwé kékeré kan á wá yọ. Mo rò pé fóònù ń ṣe àmín ni, mo sì ń tẹ ibi tó ní àwọ̀ ewé. Nusaybah ní, "Ẹ gbà mí o! Bàbá, ó ń bi yín bóyá kí òun fi ẹni yìí rọ́pò ẹni tọ̀hún ni." Ẹ̀wù méjì tí ènìyàn bá tẹ̀ tẹ̀léra, ṣe ni fóònù ń pààrọ̀ wọn.

Àdúà mi ló ń gbé ọmọ mi kúrò lójú agbo. Jímọ́ọ̀ kò jẹ̀bi nǹkan kan.

Nígbà tí a sin bàbá Jímọ́ọ̀, òun àti èmi ṣàdéhùn pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kú, èkejì ni yóò sọ̀kalẹ̀ sínú sàréè láti gbà á. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ta ni yóò gbà mí báyìí? Tó bá sì jẹ́ òun ló ṣáájú, ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ́ kí n súnmọ́ ibẹ̀? Mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo yí padà. Kí n tó lè bẹ̀ ẹ́, mo ní láti sọ pé n kò mọ̀wé, ẹnu mi kò sì gbé e. Ogójì ọdún ni mo ti ń bọ́ irọ́ yìí, láti ìgbà tí mo ti sọ fún wọn pé mo ti kọ́ ìwé kíkà ní iléèwé àgbà. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ti rù ú.

N kò retí pé yóò dárí jì mí. Ṣùgbọ́n mo ti ní kí Nusaybah mú lẹ́tà yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, kó lè kà á, kó sì ṣe ẹlẹ́rìí ìtẹ̀ka mi. Bó bá fọwọ́ sí i, wàá rí i. Bí kò bá fọwọ́ sí i, wàá rí ìyẹn náà.

Bá mi kí Ìyá Moṣọpẹ́ àti gbogbo ilé. Ìyàwó mi Bàríkísù ní kí n kí yín, ó ní àwọn ayálégbé yín ní Basin ti gé igi máńgòrò.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ olóríkunkun,

(Ìtẹ̀ka àtàǹpàkò ọ̀tún. Àtàǹpàkò kan náà ni.)
Àbdùlkàdírì Àríyọ̀

Ẹlẹ́rìí kìíní: Gàní, ẹni tó ń lẹ táyà ní Ṣàngó. Ó fọwọ́ sí i.

Ẹlẹ́rìí kejì: Jímọ́ọ̀ Ayọ̀délé. Wọ́n ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì lójú èmi Nusaybah. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e dání títí, wọ́n sì dá a padà. Wọ́n ní kí n fi àyè àwọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n má kọ orúkọ ẹlòmíràn sí i.