Àga Onítáyà Bàbá Tí O Tú Palẹ̀

Àbúrò mi, ọ̀gá oníṣẹ́-àbọ̀,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Irin àga onítáyà Bàbá tí o tú palẹ̀ ṣì wà nínú kẹ́míkà tó ń bó ọ̀dà lẹ́yìnkùlé, nínú ike ìfọṣọ mi! Má fọwọ́ lásán kàn án o. Wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí o fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ọ̀dà oníyẹ̀fun tí wọ́n fi iná yan mọ́ ọn lára. Ó ti wú, ó ti ń ṣí bí èèpo. Fi omi ṣan án dáadáa. Kí n tó dé, kí àga yẹn ti dúró, o kùn ún lọ́dà o, o ò kùn ún o.

Ta ló tiẹ̀ rán ẹ níṣẹ́? O ní àga dúdú ò yẹ Bàbá mọ́, àfi pupa. Ṣé ìyàwó ni wọ́n fẹ́ fi fẹ́ ni?

Láàárọ̀ yìí, Bàbá ní àwọn fẹ́ rí ìta. Èmi ni mo pọ̀n wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, tèmi ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Mo ń bú ẹ bọ̀ lọ́nà. Bí mo ṣe sọ̀ wọ́n kalẹ̀, wọ́n ní: "Bá mi bi àbúrò rẹ. Nígbà tí ìyá yín kú, tí mò ń pọ̀n ọ́n kiri, ṣé mo kọ́kọ́ kun ẹ̀yìn mi lọ́dà ni?"