Àwọn Àlejò Tó Ń Jẹ Bẹntiróò Lábẹ́ Ilẹ̀ Wa

Begimai, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Bishkek níbẹ̀? Ṣé òtútù ò dà ọ́ láàmú jù? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ, ọ̀nà rẹ á máa tẹ́jú. Ara tèmi le, ara àwọn àgùntàn náà le, abo ẹṣin wa sì ti bí akọ kan tó ń bínú fùfù bíi bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọ̀rọ̀ kànga wa ló jẹ́ kí n kọ̀wé. O ò lè gbàgbé ọjọ́ tí Màmá Bubusara, ìyá Kubat rẹ, gbé yẹtí wá láti fi sí ọ létí kí o lè di ìyàwó ọmọ wọn. Wọ́n fẹnu kan tíì mi báyìí, wọ́n gbé abọ́ kalẹ̀, wọ́n ní ṣé èèyàn ni mo se èyí fún àbí katakata. Wọ́n ki yẹtí bọ àpò, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Ẹjọ́ mi kọ́, ẹjọ́ ilé epo àtijọ́ òdìkejì títì ni, tí táǹkì rẹ̀ dógùn-ún sábẹ́ ilẹ̀ tí bẹntiróò sì jò wọ inú omi gbogbo wa.

Àwọn tó wá fọ omi inú ilẹ̀ ti dé o! Ọ̀gá wọn, Jibek, ò jù ẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ. Wọ́n hú táǹkì, wọ́n ri páìpù mọ́lẹ̀ káàkiri, wọ́n wá gbé ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn wọnú ilẹ̀. Mo ní ta ni ooru ń mú nísàlẹ̀ yẹn? Ó ní kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí ni, pé bí wọ́n bá ti rí atẹ́gùn mí, wọ́n á jẹ bẹntiróò náà tán. Begimai, àánú wọn ṣe mí! Kí àlejò máa jẹ bẹntiróò lábẹ́ ilẹ̀ mi, kí wọ́n má rí nǹkan fi tì í lọ́fun? Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn? Mo bu wàrà ẹṣin tó kan dáadáa, abọ́ ńlá, mo dà á sínú páìpù ẹ̀gbẹ́ kànga, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ rọra máa jẹun.

Àṣé páìpù tí wọ́n fi ń bu omi yẹ̀ wò ni! Nígbà tí Jibek fa omi jáde, ó funfun báláú, ó ń hó. Ó ní ta ló ṣe irú èyí, mo ní èmi ni, kò tọ́pẹ́. Taabaldy aládùúgbò wa rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Jibek ní àfi kí wọ́n fọ páìpù, kí wọ́n tún omi bù, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ mu ún kí èsì tó dé. Bẹ́ẹ̀ mo ti ránṣẹ́ sí Màmá Bubusara pé kí wọ́n wá mu tíì lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́ lórí fóònù, tí mo gbé e sórí ooru tíì tí mo yọ́ fi omi kànga sè. O ní o ò gbọ́ òórùn kankan. Mo sáré lọ sọ fún Jibek pé wọ́n ti yẹ omi náà wò ní Bishkek, ó mọ́. Ó ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó.

Ọjọ́ Àlàmísì ló dé tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní bẹntiróò ti tán nínú omi, ó bu omi kànga wa mu lójú mi. Mo sunkún ayọ̀. Mo ní àwọn àlejò wa ńkọ́, ó ní oúnjẹ tán, àwọn náà tán. Wọn ò tiẹ̀ dágbére.

Nígbà tó di Jímọ̀, Màmá Bubusara dé. Wọ́n gbé abọ́ sí imú kí wọ́n tó gbé e sẹ́nu. Wọ́n mu ún tán, wọ́n ní kí n bu sí i, wọ́n tún ní kí n bu sí i, títí òógùn fi bò wọ́n. Wọ́n wá yọ yẹtí, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní etí dà? Mo ní etí wà ní Bishkek.

Ọmọ mi, fowó díẹ̀ ránṣẹ́, ewé tíì ti tán, gbogbo àdúgbò ló ń mu tíì lọ́dọ̀ mi, Taabaldy ò tiẹ̀ relé mọ́. Ohun tí o bá fẹnu kàn á máa dùn, omi ò ní wọ́n ẹ nílé ọkọ, wà á fọwọ́ gbọmọ jó. Mo ti fọwọ́ méjèèjì pa ojú, àmín.

Yẹtí rẹ wà nínú ìborí mi, mo so ó ní kókó. Tètè gbé etí méjèèjì bọ̀ nílé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sairakan