Ariwo Tí Mo Pè Ní Orúnkún Mi

Ọkọ mi, èmi ìyá ńlá rẹ ni mo ya òmùgọ̀. Gbogbo ìgbà tí o ń gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ tó ti gbó yẹn ni mo ń gbọ́ kọ-kọ-kọ, mo sì rò pé orúnkún mi ni. Mo tiẹ̀ ń fi òróró pa á, àṣé ẹ́ńjìnnì lòùngbẹ ń gbẹ!

Láàárọ̀ yìí, bí o ṣe ń hanrun lọ́wọ́, mo sítáàtì ẹ̀, mo dúró tì í. Orúnkún mi dákẹ́, ariwo ò dákẹ́. Ó wá wù mí kí n tọpinpin rẹ̀. Mo fi ṣíbí onígi kan ẹ́ńjìnnì, mo gbé etí lé ìdí ṣíbí: ìsàlẹ̀ dákẹ́, òkè ló ń pariwo, bí ibi tí ọ́ìlì ò dé. Mo pa á, mo fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ. Ó gbẹ táútáú.

Tí o bá jí tí o rí ìwé yìí, má gùn ún lọ síbi iṣẹ́ o. Tí ẹ́ńjìnnì bá gan mọ́ ọ lábẹ́ láàárín àwọn ọkọ̀ ńláńlá, ojú ta ni n óò máa wò? Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, má wulẹ̀ wá a. Wọ bọ́ọ̀sì.

Mo ń lọ mú mẹkáníìkì wá. Mo ti jẹ́ kó gbọ́ ariwo náà lórí fóònù, ó sì ní, “Màmá, ta ló máa gbọ́ irú ariwo yìí tí á dákẹ́ láìpe mẹkáníìkì?”