Wáyà Tí Ẹ Fi Dí Ọ̀nà Erinmi

Ibùdó Àgọ́ Mẹ́fà,
Ẹ̀bá Odò,
Ẹ̀yìn Géètì Kejì.

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Bójú Tó Ilé Àlejò,
Ọgbà Ẹranko Ìjọba.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÀTAKÒ SÍ ÌWÉ TÍ Ẹ FI NÍ KÍ A TI IBÙDÓ WA PA, ÀTI Ẹ̀SÙN LÓRÍ WÁYÀ TÍ OLÙYẸ̀WÒ YÍN NÍ KÍ A TA

1. Mo gba ìwé yín tó ní kí a ti ibùdó wa pa láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá nítorí àìbìkítà. Ẹ kò bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí ẹ tó kọ ọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

2. Ọdún mọ́kàndínlógún ni èmi àti ọkọ mi, awakọ̀ ojú omi, ti ń gba àlejò níbí. Àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti ọmọ ilé ìwé tí apá wọn kò ká àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá inú ọgbà ló ń sùn lọ́dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀dì wa kì í ṣe ti ọba, ṣùgbọ́n aṣọ orí rẹ̀ mọ́, omi ìwẹ̀ gbóná, ẹranko kankan kò sì fọwọ́ kan àlejò wa rí.

3. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Àgọ́ mẹ́ta wà lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Àárín wọn jẹ́ ìṣísẹ̀ méjìlá tí a kì í sá aṣọ sí, tí a kì í gbé àga sí. Ọ̀nà erinmi ni. Ibẹ̀ ló ń gbà jáde lọ jẹ koríko ní ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ náà ló ń gbà padà sínú odò láfẹ̀mọ́júmọ́. Ọkọ mi bá ọ̀nà náà níbẹ̀ kó tó ri òpó àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, ó sì ní a kì í bá onílé du ọ̀nà ilé rẹ̀.

4. Lóṣù tó kọjá, olùyẹ̀wò yín dé, ẹni tí àwọn òṣìṣẹ́ wa sọ ní Ọ̀gá Téèpù. Ọ̀sán gangan ló dé, nígbà tí gbogbo erinmi ti rì sínú omi dé imú. Ó fa téèpù ìwọn, ó wọn ibí, ó wọn ọ̀hún, ó ní àlàfo àárín yẹn kò níṣẹ́ tó ń ṣe. Ó pàṣẹ kí a ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún sí etí odò láti àgọ́ kìíní dé ìkẹfà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun kò ní fọwọ́ sí ìwé àṣẹ wa. Ọkọ mi ṣàlàyé títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Èsì tó rí gbà ni pé ṣé ẹranko ni yóò wá máa kọ́ ìjọba níṣẹ́ ni. Àlejò lójú, kò fi ríran. A ta wáyà náà nítorí ẹ̀rù ìwé àṣẹ, ojú sì ń tì mí títí di òní.

5. Ní òwúrọ̀ kẹrin tí a ta wáyà, erinmi kan tó gba ibòmíràn jáde ń padà bọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀. Ó ń wo odò lọ́ọ̀ọ́kán, wáyà ló pàdé. Kò yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ ẹranko ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ lẹ́nu alásè bíi tèmi bí erinmi tí kò rí odò wọ̀ ṣe ń ṣe. Ó yí padà, ó wó àgọ́ karùn-ún, níbi tí olùkọ́bìnrin kan àti ọmọ rẹ̀ wà. Ọkọ mi ń fi ìdérí lu ìkòkò kí ó lè fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó fà á lóòótọ́. Ìyá àti ọmọ bọ́ láìfarapa. Egungun itan ọkọ mi ṣẹ́ sí ọ̀nà méjì.

6. Ìwé yín wá ní ojú ọ̀nà erinmi ni a pàgọ́ sí. Irọ́ ni. Bí ẹ bá sì mọ̀ pé ọ̀nà ni, ta ló ní kí a dí i? Inú ń bí mi, mi ò ní fi ọ̀wọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ọkùnrin tó fa téèpù wà ní ọ́fíìsì, ara rẹ̀ le koko. Ẹni tó kìlọ̀ fún un wà ní ọsibítù, ẹ sì fẹ́ kó padà wá bá ilẹ̀kùn títì.

7. Mo bẹ̀ yín, ẹ fagi lé ìwé náà, kí ẹ sì rán ẹlòmíràn wá wo ibùdó wa ní ìrọ̀lẹ́. Ní ti wáyà, ẹ má dààmú. Èmi fúnra mi ni mo gé e lánàá, lójú gbogbo òṣìṣẹ́, láìgba àṣẹ yín. Láàárọ̀ yìí, erinmi náà gba àárín àgọ́ kọjá, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó wọ odò. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó rúfin, ẹ má ka ọkọ mi mọ́ ọn. Èmi ni kí ẹ wá mú.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín nínú òtítọ́,

Ìyá Ibùdó,
Alásè àti Olùtọ́jú Àgọ́ Mẹ́fà.